Obìnrin Elejò Kò Jẹ̀bi: Bó Ṣe Yẹ Ká Máa Ka Àwòrán Mámíwọ́tà

Ní sáà ẹ̀kọ́ tó kọjá, olùkọ́ wa kan fi àwòrán kan hàn wá lára ògiri kíláàsì. Obìnrin kan ni. Irun rẹ̀ pọ̀, ó gùn, ejò lọ́ mọ́ ọn lára, ojú rẹ̀ sì dúró bí ojú ẹni tí kò bẹ̀rù ohunkóhun. Kí olùkọ́ tó la ẹnu, kíláàsì ti dàrú. Ẹnì kan pariwo, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Ẹnì kan fi ìwé bo ojú. Ẹlòmíì ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà. Àwọn kan tó jókòó níwájú wá fi ohùn ọ̀mọ̀wé sọ pé, "Kí lẹ̀ ń bẹ̀rù? Yemọja nìyẹn. Òrìṣà ilẹ̀ wa ni." Iyàn yẹn gba gbogbo wákàtí tó kù. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé nínú gbogbo ariwo náà, bóyá ni mo fi rí èèyàn méjì tó ń wo àwòrán yẹn ní ti gidi.

Èrò tèmi ni pé apá méjèèjì ló ṣì í kà. Àwọn tó pè é ní ẹ̀mí òkùnkùn ṣì í kà. Àwọn tó pè é ní Yemọja náà ṣì í kà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwọn dùn létí jù. Tó bá jẹ́ pé inú kíláàsì ni ọ̀rọ̀ náà mọ, mi ò bá tí dá sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni mí, mo sì mọ ọmọbìnrin kan tí wọ́n fi àwòrán yìí dá lẹ́jọ́. Màá dé orí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣe ohun tí a kò ṣe ní kíláàsì. Ẹ jẹ́ ká wo àwòrán.

Ohun tí ojú rí

Láti orí dé ìbàdí nìkan ni obìnrin inú àwòrán náà hàn. Irun dúdú rẹ̀ là sí méjì láàárín orí, ó sì dà sí èjìká. Àwọ̀ ara rẹ̀ kò funfun bíi ti òyìnbó, kò sì dúdú bíi tiwa. Aṣọ ọrùn rẹ̀ jẹ́ aláràbarà, kì í ṣe ìró, kì í ṣe bùbá. Ejò ńlá kan gba ara rẹ̀ kọjá, ó sì dì í mú bí ẹni di okùn lásán. Ní igun ìsàlẹ̀, wọ́n ya àwòrán kékeré kan síbẹ̀, níbi tí ẹnì kan ti ń fọn fèrè fún ejò.

Ó tán. Kò sí omi níbẹ̀. Kò sí ẹja, kò sí ìrù, kò sí dígí, kò sí òòyà. Gbogbo nǹkan tó máa ń sọ sí wa lọ́kàn bí a bá ti gbọ́ "Mámíwọ́tà", a ò ní rí i nínú àwòrán tó jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ obìnrin náà kò hàn, nítorí pé ìbàdí ni ayàwòrán dá a dúró sí. Àwa tí a gba àwòrán náà ni a bi ara wa pé, "Kí ló wà nísàlẹ̀ ìbàdí?" Àwa náà la dáhùn pé ìrù ẹja ni.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wá sí àdúgbò wa kí ẹ lè rí ìdáhùn yẹn. Kò jìnnà sí Boundary ní Ajégúnlẹ̀, pátákó kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá kan tó ń ta àgbo. Obìnrin kan náà ni wọ́n kùn sára pátákó yẹn. Irun tó là láàárín orí ṣì wà. Ejò ṣì wà. Ojú tí kì í ṣẹ́ ṣì wà. Ṣùgbọ́n láti ìbàdí wálẹ̀, ìpẹ́ ẹja ló bò ó, ó sì jókòó sórí omi aláwọ̀ ewé. Ewéko tó máa ń léfòó tó sì ń dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi ní Èkó yí i ká pẹ̀lú òdòdó aláwọ̀ àlùkò rẹ̀. Ní ẹ̀yìn rẹ̀ pátápátá, níbi tí ẹlòmíì ì bá ti ya òṣùpá tàbí igi àgbọn, kéréènì èbúté ló wà níbẹ̀, mẹ́ta, tí wọ́n gbé ọrùn sókè bí ẹyẹ lékeléke.

Mo bá bàbá tó kùn ún sọ̀rọ̀ nígbà kan. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Kí ló dé tí ẹ fi kéréènì sí ẹ̀yìn rẹ̀?"

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o rò pé ọ̀nà ibòmíì ló gbà wá ni?"

Mi ò tíì gbọ́ àlàyé tó kúrú tó sì péye jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí àwòrán yìí.

Ọ̀nà tó gbà wá

Ìwádìí àwọn onímọ̀ ti jẹ́ ká mọ ọ̀nà náà dáadáa. Pósítà ni àwòrán yìí nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Adolph Friedländer ní ìlú Hamburg, ní Jámánì, ló tẹ̀ ẹ́ láàárín ọdún 1880 sí 1890. Obìnrin tó ń fi ejò ṣeré fún àwọn èrò ìwòran ni wọ́n yà. Ìgbà yẹn ni àwọn ará Yúróòpù ń san owó láti lọ wo ẹranko àti èèyàn ilẹ̀ òkèèrè ní gbangba. Carl Hagenbeck, oníṣòwò ẹranko ní Hamburg kan náà, lórúkọ gan-an nídìí irú eré bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ohun tí pósítà yẹn wá ṣe láyé ni pé kó ta tíkẹ́ẹ̀tì. Òyìnbó fẹ́ rí ohun àjèjì, wọ́n ya ohun àjèjì fún un.

Àwọn ọkọ̀ òkun gbé e dé etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní 1901, J. A. Green, ayafọ́tò tó jẹ́ ọmọ Bonny, ya fọ́tò ère ìgbórí kan tí wọ́n gbẹ́ fún eré ẹ̀mí omi ní ìlú rẹ̀. Irun tó là sí méjì àti ejò tó wà nínú pósítà Hamburg ló wà lára ère náà. Èyí túmọ̀ sí pé kò ju nǹkan bí ogún ọdún lọ tí pósítà náà jáde tí agbẹ́gilére fi sọ ọ́ di tiwa. Nígbà tó di 1955, àwọn oníṣòwò ní Kumasi, ní orílẹ̀-èdè Ghana, fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ Shree Ram Calendar ní Bombay, ní Íńdíà, pé kí wọ́n bá àwọn tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà gan-an. Wọ́n tẹ̀ ẹ́dà 12,000. Bí àwòrán obìnrin elejò ṣe wọ ọjà, ilé oníṣègùn, ilé ọtí àti ara mọ́tò nìyẹn, láti Ghana dé Kóńgò.

Ẹ wá ro ti Apápá mọ́ ọn. Ní 1926 ni wọ́n parí ibùdó mẹ́rin àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ òkun ńlá lè gúnlẹ̀ sí níbẹ̀. Ní 1977, èbúté Tin Can Island náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti ìgbà náà, ẹrù tí wọ́n ń já ní Apápá ni ọ̀pọ̀ ará Ajégúnlẹ̀ fi ń jẹun: alábàárù, awakọ̀ tírélà, ìyá olóúnjẹ ní Creek Road, ẹni tó ń ta bàtà òkìrìkà. Ohun gbogbo tó ṣàjèjì tó sì lẹ́wà, ojú omi ló ń gbà wọlé. Ayàwòrán tó fi kéréènì sẹ́yìn Mámíwọ́tà kò ka ìwé Jámánì kankan. Ó kàn mọ bí ọrọ̀ ṣe ń dé àdúgbò rẹ̀ ni.

Àjèjì ni, tiwa sì ni

Àwọn kan máa sọ pé, "Bó bá jẹ́ Jámánì ló ti wá, kí ló kàn wá níbẹ̀?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo aṣọ ọrùn yín. Àwọn ará Netherlands ló ń fi ẹ̀rọ ṣe àfarawé aṣọ alábẹ́là ti Indonesia nígbà tí wọ́n gbé ohun tí a ń pè ní ańkárá lónìí dé ọ̀dọ̀ wa. Ta ló jẹ́ sọ pé ańkárá kì í ṣe aṣọ wa? Ẹ tún wo owó ẹyọ. Erékùṣù Maldives ní òkun Íńdíà ni púpọ̀ nínú owó ẹyọ tí àwọn baba wa ná ti wá. Síbẹ̀ òun ni a fi ń ṣe Ajé lọ́ṣọ̀ọ́, òun ni a fi ń dá ẹ̀ẹ́rìndínlógún. Ohun tó bá wọ ilé wa tó rí iṣẹ́ ṣe ti di ará ilé.

Iṣẹ́ wo wá ni obìnrin elejò rí ṣe? Ó bá àyè tó ṣófo. Kí ó tó dé ni àwa Yorùbá ti mọ̀ pé omi ní olówó, pé Ọlọ́kun ló ni òkun, pé Ajé tí í ṣe ọrọ̀ jẹ́ ọmọ Ọlọ́kun. Ẹ gbọ́ orúkọ ìlú wa náà: Ajé gúnlẹ̀. Ohun tí ọkọ̀ ojú omi máa ń ṣe bó bá dé èbúté ni gígúnlẹ̀. Orúkọ yìí pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tó bá mu tó ti ẹ̀gbẹ́ Apápá yìí, níbi tí Ajé ti ń fi ojú omi gúnlẹ̀ lójoojúmọ́, tó sì jẹ́ pé ilé ẹlòmíì ló máa ń sùn.

Kì í sì í ṣe Yorùbá nìkan ló ń gbé Ajégúnlẹ̀. Ìjọ̀ wà níbẹ̀, Ùròbò wà níbẹ̀, Ìlàjẹ wà níbẹ̀, Ìgbò wà níbẹ̀, Haúsá wà níbẹ̀. Ìjọ̀ ní ẹ̀mí omi tirẹ̀. Ìgbò ní obìnrin inú adágún tirẹ̀, èyí tí Flora Nwapa fi ṣe ọ̀pá ìdúró ìwé rẹ̀ *Efuru* ní 1966. Ìlàjẹ mọ Ọlọ́kun bí ẹni mọ aládùúgbò. Kò sí èyí tó lè fi orúkọ òrìṣà tirẹ̀ pe ti ẹlòmíì láìjà. Ṣùgbọ́n Mámíwọ́tà, orúkọ pídínì ni, pídínì sì ni gbogbo wa jọ ń sọ ní Ajégúnlẹ̀. Àwòrán àjèjì yìí bá wa mu nítorí pé kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun nìkan ló ni ín.

Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé Yemọja ni. Mo mọ ohun tó ń sún wọn sọ ọ́. Wọ́n fẹ́ fi gbèjà àṣà wa, ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n Yemọja ní ìwà, ó ní ìlú, ó ní odò, ó ní àwòrò. Abẹ́òkúta àti odò Ògùn mọ̀ ọ́n. Nígbà tí agbẹ́gilére Yorùbá bá gbẹ́ ère fún un, ìyá ni ó máa ń gbẹ́: ọmú tó kún, ọmọ lẹ́yìn tàbí lórí ẹsẹ̀, irun dídì. Kì í ṣe ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń fi ejò ṣeré. Ní Brazil, wọ́n máa ń ya Iemanjá ní obìnrin onírun gígùn tó ń ti inú òkun bọ̀, wọ́n sì ń kó ẹ̀bùn lọ fún un létí òkun ní Salvador ní ọjọ́ kejì oṣù Èrèlé lọ́dọọdún. Tiwọn ni wọ́n ṣe yẹn, ó sì lẹ́wà. Àmọ́ bí a bá pe gbogbo obìnrin tó bá sún mọ́ omi ní Yemọja, a ò gbèjà Yemọja, ṣe la sọ ọ́ di ẹni tí kò ní ojú tirẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi wé bí wọ́n ṣe ń ka àwòrán kan náà níbòmíì. Ní Ouidah ní ilẹ̀ Benin, àti ní Togo, àwọn olùsìn Mami Wata ní ojúbọ tí wọ́n kùn dáadáa. Dígí wà níbẹ̀, lọ́fínńdà wà níbẹ̀, àtíkè wà níbẹ̀, àwòrán òrìṣà àwọn ará Íńdíà pàápàá wà níbẹ̀. Ejò ọrùn obìnrin náà, Dan ni wọ́n kà á sí, ejò òṣùmàrè tó so ilẹ̀ mọ́ ọ̀run. Nígbà tó kọjá òkun dé orílẹ̀-èdè Dominican Republic, àwòrán kan náà di Santa Marta la Dominadora, ẹni mímọ́ tí wọ́n ń tan àbẹ́là fún. Àwòrán kan ṣoṣo ni. Ní Hamburg, òṣèré ni. Ní Bonny, ẹ̀mí omi ni. Ní Ouidah, ìyá ọlọ́rọ̀ ni. Ní Santo Domingo, ẹni mímọ́ ni. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé ní àdúgbò tiwa, ẹ̀rí ẹ̀sùn ló dà?

Irun tí wọ́n gé

Ọmọ ọdún méjìlá ni wá nígbà yẹn, èmi àti ọ̀rẹ́ mi yìí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ilé kan náà la jọ ń gbé, ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí gbogbo ayálégbé jọ ń lo kìṣíìnì kan. Irun rẹ̀ gùn láti kékeré, ó pupa díẹ̀, ó sì fẹ́ràn kó máa dá jókòó. Ní òjò ọdún yẹn, omi wọ ilé wa bó ṣe máa ń wọ̀ ọ́ nígbàkigbà tí gọ́tà bá ti dí. Láti ìgbà náà ló ti ń lá àlá omi. Ó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ sọ ọ́ fún ayálégbé kan. Ayálégbé yẹn fi ojú wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìyá ọmọ yìí, ṣé ẹ ò rí i ni? Ẹ wo irun rẹ̀. Ẹ wo ojú rẹ̀. Ṣé kò jọ ti ara dáńfó yẹn?"

Sítíkà Mámíwọ́tà ara dáńfó ló ń sọ. Bí wọ́n ṣe fi ojú ọmọ ènìyàn wé sítíkà nìyẹn.

Wọ́n mú un lọ sí ilé àdúrà kan. Ó gbààwẹ̀ ọjọ́ méje níbẹ̀. Wọ́n gé irun rẹ̀ kanlẹ̀, wọ́n sì sun ún lójú rẹ̀. Wọ́n ní kó jẹ́wọ́ orúkọ ọkọ rẹ̀ tó wà nínú omi. Kò mọ orúkọ kankan, ó wá dá ọ̀kan sílẹ̀ kí wọ́n lè jẹ́ kó sùn. Nígbà tó padà, kò sí ọmọ tí ìyá rẹ̀ gbà láyè kó bá a ṣeré mọ́. Ìyá mi nìkan ló ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, òjò ló wọ ilé wa. Ta ni kò ní lá àlá omi?" Ọ̀rẹ́ mi pàdánù odidi táàmù kan ní ilé-ìwé. Iṣẹ́ aṣọ ríran ló ń kọ́ báyìí, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n títí di òní, kì í jẹ́ kí irun rẹ̀ gùn.

Òfin wà fún èyí. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ìjọba àpapọ̀ jáde ní 2003, ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007. Kò sí èyí tó fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti fi ìyà jẹ ọmọ tàbí láti tàbùkù rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kì í dé ilé tí yàrá kọjú sí yàrá kí ayálégbé tó dé ibẹ̀. Ohun tó lè tètè débẹ̀ ni òye: kí ẹnì kan wà níjókòó tó máa sọ pé, "Ẹ dúró ná. Àwòrán òṣèré Jámánì lẹ fi ń dá ọmọ yìí lẹ́jọ́ yẹn."

Mo mọ èsì tí wọ́n máa fún mi. Wọ́n á ní, "Àwọn èèyàn ń rí i lójú àlá, àwọn mìíràn rí i lójú ayé." Òótọ́ ni pé wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀. Sir Victor Uwaifo sọ pé òun pàdé Mámíwọ́tà ní Bar Beach níbi tí òun ti ń ta gìtá, ibẹ̀ ni orin rẹ̀ *Guitar Boy* ti 1966 sì ti jáde. N kò bá a jiyàn. Ẹ ṣáà kíyè sí i pé orin ló fi ìpàdé tirẹ̀ ṣe, kò fi dá ọmọ ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ní ti àlá, ohun tí ojú ti rí lọ́sàn-án ló ń fi ṣe aṣọ lóru. Ọmọ tó ń rí obìnrin elejò lára dáńfó bó ti ń lọ sílé-ìwé, tó ń rí i nínú fíìmù ní alẹ́, tó sì ń gbọ́ ìwàásù nípa rẹ̀ lọ́jọ́ Sunday, kí lẹ fẹ́ kó lá? Bí kò bá lá a, ìyẹn gan-an ni ì bá yà mí lẹ́nu.

Ohun tó yẹ ká ṣe

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí ni mo dìídì ń bá wí, nítorí pé iṣẹ́ kíkà la wá kọ́. A mọ bí a ṣe ń ka ewì: a máa ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ tí akéwì lò kí a tó sọ ohun tí ó ní lọ́kàn. Kí ló dé tí a kì í fún àwòrán ní irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè mẹ́ta ni mo dá lábàá. Àkọ́kọ́, kí ni ojú mi rí gan-an? Èkejì, ọ̀nà wo ni nǹkan yìí gbà dé iwájú mi? Ẹ̀kẹta, kí ni èmi fúnra mi fi kún un? Ẹni tó bá dáhùn ẹ̀kẹta láìṣàbòsí yóò rí i pé ìbẹ̀rù tirẹ̀ tàbí ìfẹ́ tirẹ̀ ló ń kà, kì í ṣe obìnrin inú àwòrán.

Mo tún ń fẹ́ ká lọ wo àwọn àátíìsì wa. Ní 2008, Fowler Museum ní Los Angeles ṣe àfihàn ńlá kan lórí iṣẹ́ ọnà Mami Wata, èyí tí ọ̀jọ̀gbọ́n Henry Drewal ṣe kòkárí rẹ̀. Ní 2023, fíìmù *Mami Wata* ti C. J. Obasi gba ẹ̀bùn iṣẹ́ kámẹ́rà ní Sundance, ní Amẹ́ríkà. Ayé ń wo ohun tí àwa ń bojú fún. Àwọn bàbá tó ń kùn ún sára pátákó láti Mobil Road dé Olódì-Apápá sì ń darúgbó. Sítíkà àti bánà tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Pátákó tí mo sọ nípa rẹ̀ ti ń bó. Kò sí ẹni tó ya fọ́tò àwọn iṣẹ́ yìí jọ fún ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa, kò sì sí ẹni tó bi àwọn tó kùn wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Fóònù tí a fi ń ya oúnjẹ lè ṣe iṣẹ́ yìí láàárín Sátidé méjì.

Bí a bá sì débẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo omi inú àwòrán náà dáadáa. Omi aláwọ̀ ewé, ewéko tó dí ọ̀nà, kéréènì lẹ́yìn. Bar Beach tí Uwaifo sọ pé òun ti rí Mámíwọ́tà, wọ́n ti kó yanrìn dí i fún Eko Atlantic. Ní Ajégúnlẹ̀, gọ́tà àti ipadò tó yẹ kó gbé òjò lọ ti kún fún ọ̀rá àti ike. Bí omi bá wọlé lóru, ẹni tó wá ẹ̀mí tó rán an wá kò ní wá ẹni tó di gọ́tà pa. Lójú tèmi, obìnrin orí pátákó yẹn ń sọ ohun tí gbogbo wa mọ̀ tí a kò fẹ́ gbọ́: omi ló gbé Ajé wá bá wa, omi kan náà ni a kò tọ́jú.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa sin Mámíwọ́tà. N kò sì sọ pé kí ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ lòdì sí i gbé e kọ́ sí pálọ̀. Kálukú ló ní ẹ̀sìn tirẹ̀. Ohun tí mo ń sọ kò ju èyí lọ: àwòrán kì í jẹ́rìí fúnra rẹ̀, àwa la máa ń fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi obìnrin elejò ṣe ẹlẹ́rìí tako ọmọ ọlọ́mọ, kó kọ́kọ́ fi ìka tọ́ka sí ohun tó rí lára àwòrán náà, kó sì sọ fún wa ẹni tó fi í síbẹ̀.